Odò Gbẹ Lójijì, Ilẹ̀kùn Sì Wà ní Títì

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án, Ìyá Ayọ̀túndé gbá ojú ibojì ọkọ rẹ̀ bí ó ti máa ń gbá a lójoojúmọ́. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko ní Òkè-Onígbìn àti gbogbo agbègbè rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà oòrùn ti yọ, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ó fi aṣọ tútù nu táìlì ibojì náà títí orúkọ tí wọ́n kọ sí i fi ń dán: Tísà Sámúẹ́lì. Ó kí i. Ó sọ fún un pé òjò ti dá, pé orúnkún òun kò dun òun tó tàná, pé àwọn ọmọ kò tíì pè. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àpótí kékeré kan, ó kọjú sí géètì. Kò sí ẹni tí ó ń retí.

Ọdún kẹta nìyí tí Tísà ti kú. Yàrá mẹ́fà ni ó wà nínú ilé tí ó fi sílẹ̀. Ìyá Ayọ̀túndé ń sùn nínú ọ̀kan, márùn-ún tó kù wà ní títì. Ayọ̀túndé, àkọ́bí rẹ̀, ń gbé ní Èkó. Joy, àbúrò rẹ̀, wà ní Àbújá. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń pè é, lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Wọn á bi í bóyá ó ti jẹun, bóyá ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọn á ṣàdúrà fún un, wọn á pa fóònù. Ní ọjọ́ mẹ́fà yòókù, ohùn tirẹ̀ nìkan ni ó máa ń gbọ́ nínú ilé náà.

Ilé náà wà ní ìsàlẹ̀ òkè, ó kọjú sí odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Oníyanrìn. Nígbà tí Tísà ń kọ́ ọ, ó fi ojú àgbàrá gbòòrò kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, kí omi lè rí ọ̀nà gbà lọ. Tísà mọ ohun tí ó ń ṣe. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò bi í léèrè nígbà tí ó wà láàyè. Nígbà tí ó kú, wọ́n fẹ́ kí ibojì bàbá wọn wuyì lójú àlejò, wọ́n fi erùpẹ̀ kún ojú àgbàrá náà, wọ́n sì kọ́ ibojì lé e lórí. Wọ́n wá fi búlọ́ọ̀kù mọ ọgbà gíga yí gbogbo ilé ká. Bíríkìlà sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí òun dá ihò omi sí ìsàlẹ̀ ọgbà náà. Wọ́n ní rárá, ẹrẹ̀ yóò máa wọlé ba táìlì jẹ́.

Ilẹ̀kùn méjì péré ni ilé náà ní síta. Ọ̀kan wà níwájú, irin ni wọ́n fi ṣe é, ó kọjú sí odò, ìta ni wọ́n sì ń tì í sí kí ó tó ṣí. Ìkejì wà lẹ́yìn, ó kọjú sí òkè, ṣùgbọ́n inú yàrá Tísà ni ó wà. Tísà fúnra rẹ̀ ni ó dá a síbẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ nírọ̀lẹ́ lè máa wọlé láì gba pálọ̀ kọjá. Ní ọjọ́ kẹjọ tí ó kú, Ayọ̀túndé ti yàrá náà, ó fi àgádágodo ńlá sí i láti pálọ̀, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ sí Èkó. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn: a kì í ṣí yàrá bàbá títí àwọn ọmọ yóò fi pín ogún. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta kọjá, wọn kò pín in. Ìwé ilẹ̀ wà nínú yàrá náà, Ayọ̀túndé àti Joy kò sì fẹnu kò lórí rẹ̀. Joy ní tí wọ́n bá ṣí i lẹ́yìn òun, òun yóò pe ẹ̀gbọ́n òun ní olè. Ìyá wọn dá sí i kí ìjà lè tán. Ó búra fún àwọn méjèèjì pé níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láàyè, ẹnikẹ́ni kò ní wọ yàrá náà.

Gbogbo fèrèsé ni wọ́n fi irin dí nítorí olè. Ẹni tí ó bá wà nínú ilé náà, iwájú nìkan ni ó lè gbà jáde. Ọdún mẹ́ta ni obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin kan fi gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú ìdílé náà tí ó rí i pé ó léwu.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án, ó gbọ́ ẹ̀rín létí odò. Ó dìde, ó jáde sí ẹnu géètì. Odò Oníyanrìn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ara ọgbà lálẹ́ àná ti lọ! Yanrìn funfun hàn, omi díẹ̀ díẹ̀ ló kù nínú àwọn kòtò, ẹja sì ń ta pọ́npọ́n nínú wọn. Àwọn ènìyàn bí mẹ́wàá ti wọ inú odò. Fulera, obìnrin kan tí ilé rẹ̀ kò ju ilé kejì sí tirẹ̀ lọ, wà láàárín wọn, ó ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, ó gbé abọ́ ńlá dání.

"Ìyá, ẹ gbé abọ́ yín wá!" ni Fulera kígbe sí i. "Ẹja ọ̀fẹ́ nìyí o!"

"Níbo ni omi lọ?"

"Èmi kọ́ ni mo gbé e o, Ìyá! Bóyá ó ti lọ sílé ọkọ. Ẹ jẹ́ ká tètè kó ẹrù rẹ̀ kó tó ránṣẹ́ wá gbà á."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá Ayọ̀túndé náà rẹ́rìn-ín. Láti bí ọ̀sẹ̀ kan, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni pè é síbi tí ènìyàn wà. Ó fara ti òpó géètì, ó ń wò wọ́n, kò sì fẹ́ padà sínú ilé.

Ibẹ̀ ni ó dúró sí tí Babátúnjí fi sáré sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, tí ó ń fọn fèrè kékeré kan kíkankíkan. Ọkùnrin náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Wolé-wolé ni ó jẹ́ kí ó tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, Wolé-wolé náà ni gbogbo ìlú sì ń pè é títí di ìsinsìnyí.

"Ẹ jáde nínú odò! Ẹ jáde, ẹ gòkè!"

Fulera kò tilẹ̀ nàró. "Bàbá Wolé-wolé, ẹ tún ti dé! Ìkòkò omi ta ni ẹ fẹ́ yẹ̀ wò lónìí? Kò sí tanwíìjí níbí o, ẹja ló wà."

"Fulera, bí o bá ti dókè, kí o bú mi títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Jáde ná! Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, odò wá gbẹ lọ́jọ́ kẹrin. Ta ni ó rí irú rẹ̀ rí nínú yín? Omi náà kò lọ síbì kankan. Ó wà lókè níbẹ̀ yẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà oko dé ni. Ihò kọnkéré tí odò ń gbà kọjá lábẹ́ ọ̀nà ti dí. Àwọn tí ó ń sun èédú gé igi, wọ́n fi ẹ̀ka rẹ̀ sílẹ̀, àgbàrá gbé e wá síbẹ̀. Ọ̀rá píọ́-wọ́tà àti ìdọ̀tí tí gbogbo wa ń dà sódò wá di àlàfo tó kù. Omi ti di adágún lẹ́yìn ọ̀nà náà, ó ga jù mí lọ, erùpẹ̀ ọ̀nà sì ti ń ya lulẹ̀. Bí ó bá já, ẹ kò ní rí àyè sá."

"Ta ló sọ fún yín pé yóò já?" ni ọkùnrin kan bi í.

"Kí ni yóò gbé e dúró? Erùpẹ̀ tútù? Ẹ gbọ́. Ní ọdún 2004, ilẹ̀ mì lábẹ́ òkun ní ilẹ̀ Éṣíà. Ní ọ̀pọ̀ etíkun, òkun kọ́kọ́ fà sẹ́yìn ni, ó fi ẹja sílẹ̀ lórí yanrìn. Àwọn ènìyàn sáré lọ ṣa ẹja, bí ẹ ti ń ṣe yìí gan-an. Kò pẹ́ tí omi náà padà dé, ó ga bí ilé. Ní gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè tí ó kàn, ó pa ju ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ènìyàn lọ. Sùnámì ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó mọ àmì yẹn, tí wọ́n sì gòkè láì dúró kó ẹrù, ọ̀pọ̀ nínú wọn yè é. A kò ní òkun nílẹ̀ Ìgbómìnà, ṣùgbọ́n kò sí omi tí í fà sẹ́yìn láìnídìí. Bí ẹ bá rí i tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má bi í ní ìbéèrè. Ẹ gòkè."

"Sùnámì ní Òkè-Onígbìn!" ni Fulera wí. "Bàbá, ìwé tí ẹ ń kà yìí ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí abọ́ mi kún ná."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn márùn-ún tàbí mẹ́fà wo ojú Babátúnjí, wọ́n rí i pé kò ṣe àwàdà, wọ́n gbé abọ́ wọn, wọ́n jáde. Babátúnjí wá yíjú sí Ìyá Ayọ̀túndé.

"Ìyá wa, ó yá. Orí òkè ni gbogbo wa ń lọ, ní ọgbà ilé ìwé. Ẹ má mú ohunkóhun. Oògùn yín àti fóònù yín ti tó."

"Wolé-wolé, ta ni kí n fi Tísà sílẹ̀ fún?"

"Tísà ti kú, Ìyá. Omi kò lè pa á mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. "Ó rọrùn fún yín láti sọ. Ìyàwó yín ń dúró dè yín nílé. Ta ni yóò dúró dè mí lórí òkè yẹn?"

Babátúnjí wo ìhà àwọn ilé yòókù. Ilé mẹ́rin sí i wà tí ó gbọ́dọ̀ dé, arọ kan sì wà nínú ọ̀kan nínú wọn. "Èmi ni màá dúró dè yín," ni ó wí. "Ẹ fún ara yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kò gbọdọ̀ pé mẹ́fà."

"Ẹ máa lọ. Mò ń bọ̀."

Ó wọlé. Ó mú oògùn rẹ̀, ó fi sínú ọ̀rá. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni. Ká ní ó jáde nígbà náà ni, ìtàn yìí ìbá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ronú pé kò yẹ kí òun fi ilé sílẹ̀ láì sọ fún àwọn ọmọ. Òtítọ́ tó wà nísàlẹ̀ ìyẹn ni pé inú rẹ̀ dùn díẹ̀, nítorí ó rí ìdí tí ó fi lè pe ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí kì í ṣe Àìkú. Ó jókòó, ó pe Ayọ̀túndé. Fóònù náà dún títí, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Ó pe Joy. Joy náà kò gbé e. Ó tún pe Ayọ̀túndé. Lẹ́yìn náà ó fi fóònù sórí itan, ó ń dúró kí wọ́n pè é padà.

Ìgbà tí ó ń dúró bẹ́ẹ̀ ni ó gbọ́ ariwo kan láti ìhà ọ̀nà oko. Ó dà bí ìgbà tí tírélà tó gbé gẹdú ń yí láti orí òkè. Ó gbọ́ igbe àwọn ènìyàn létí odò. Igbe náà kò pẹ́.

Omi gbá géètì wọlé. Ọgbà tí wọ́n mọ yí ilé ká kò wó lójú ẹsẹ̀, ìyẹn ni ó sì burú jù, nítorí omi tí ó wọlé kò rí ibi gbà jáde. Kò sí ihò nísàlẹ̀ ọgbà, ojú àgbàrá sì ti di ibojì. Inú ọgbà náà kún bí agbada. Omi wọ abẹ́ ilẹ̀kùn, ó bo àtẹ́lẹsẹ̀ ìyá náà, ó dé ojúgun. Ó sáré lọ ti ilẹ̀kùn irin náà. Omi ti dì í mú láti ìta. Ó fi èjìká tì í, ilẹ̀kùn kò mira. Bí ọkùnrin mẹ́ta bá tì í nígbà náà, kò ní ṣí.

Ó ní làákàyè kan: ó na ọwọ́, ó pa iná mànàmáná ní ibi tí wọ́n ń gbà pa ti gbogbo ilé, kí omi tó dé ojú wáyà. Lẹ́yìn èyí ó gba inú omi lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn yàrá Tísà. Àtẹ̀gùn méjì wà níbẹ̀. Ó gun un, ó di àgádágodo náà mú.

Fóònù dún.

"Màmá, mo rí ìpè yín. Ìpàdé ni mo wà. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ayọ̀, omi ti wọlé! Ilẹ̀kùn iwájú kò ṣí. Kọ́kọ́rọ́ yàrá bàbá yín ńkọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi níbí. Omi báwo? Ṣé òjò ń rọ̀ ni?"

Kí ó tó dá a lóhùn, ó gbọ́ bí wọ́n ti ń fọ́ nǹkan lẹ́yìn ilé. Babátúnjí kò rí i nínú àwọn tó dé ilé ìwé, òun àti ọkùnrin méjì ti gba orí òkè wá pẹ̀lú dígà, wọ́n sì ti fọ́ ọgbà ẹ̀yìn níbi tí ilẹ̀ ti ga ju omi lọ. Wọ́n já ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n wọ yàrá Tísà. Ó wá ku ilẹ̀kùn kan ṣoṣo láàárín wọn àti òun.

"Ìyá Ayọ̀túndé! Ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí! Àgádágodo ni!"

"Ẹ sún sẹ́yìn, ẹ jẹ́ ká fọ́ ọ!"

Ayọ̀túndé gbọ́ ohùn ọkùnrin náà nínú fóònù. "Màmá, ta nìyẹn? Ṣé inú yàrá bàbá ni wọ́n wà? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ́ ọ o! Joy á ní èmi ni mo rán wọn wá kó ìwé ilẹ̀. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n pè é ká jọ fẹnu kò. Ẹ má pa fóònù."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti rí: Ayọ̀túndé kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó rò pé omi tí ó ń rin ilẹ̀ pálọ̀ ni ìyá òun ń sọ. Kò bi í pé omi náà ga tó ibo. Ìyá náà kò sì sọ fún un, nítorí ó ti mọ́ ọn lára láti máa sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kò sí nǹkan.

"Wolé-wolé, ẹ dúró ná," ni ó ké sí Babátúnjí. "Ọmọ mi ní kí ẹ dúró. Mo ti búra fún wọn."

"Ẹ búra pé kí lẹ ó ṣe?"

"Pé ẹnikẹ́ni kò ní wọ yàrá yìí lójú mi."

"Àwa ti wọ̀ ọ́, Ìyá! Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin náà wọ̀ ọ́!"

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní kí wọ́n ṣáà dúró díẹ̀, Ayọ̀ ti ń pe àbúrò rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méjì náà sọ dígà kalẹ̀, ó ní òun kò lè dá sí ọ̀rọ̀ ogún ẹbí ẹlẹ́bí, kí wọ́n má baà pe òun lẹ́jọ́ lọ́la. Babátúnjí bá a jiyàn. Bí wọ́n ti ń jiyàn, omi ń gòkè. Láti ìgbà tí Babátúnjí kọ́kọ́ ní kí àwọn fọ́ ilẹ̀kùn títí tí wọ́n fi fọ́ ọ, ó tó ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

"Ìyá, omi dé ibo lára yín?"

"Ó ti dé ìbàdí."

"Lórí àtẹ̀gùn?" Babátúnjí gbé dígà náà nílẹ̀.

Ó lu ilẹ̀kùn náà nígbà mẹ́rin. Ní ìgbà kẹta, fírísà ńlá tí ó wà ní pálọ̀ ti léfòó, omi gbé e yí, ó wá gbá ìyá náà mọ́ ògiri. Wọ́n gbọ́ igbe rẹ̀. Fóònù jábọ́ sínú omi. Nígbà tí ilẹ̀kùn já, omi ya wọ yàrá Tísà, ó dé àyà àwọn ọkùnrin náà. Wọ́n ti fírísà kúrò, wọ́n fa ìyá náà jáde, wọ́n sì gbé e gòkè lórí ilẹ̀kùn kan náà tí wọ́n fọ́. Egungun ìbàdí rẹ̀ ti kán.

Bí wọ́n bá fọ́ ilẹ̀kùn náà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ì bá fi rìn jáde.

Ní Èkó, Ayọ̀túndé gbọ́ ariwo omi, kò sì gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Ó pe nọ́ńbà náà títí di ọ̀sán. Kò mọ orúkọ aládùúgbò ìyá rẹ̀ kan, kò ní nọ́ńbà ẹnikẹ́ni nínú wọn. Wákàtí mẹ́fà, kí wọ́n tó pè é láti ilé ìwòsàn, ni ó fi gbà pé ìyá òun ti kú, àti pé ohun tí òun sọ fún un gbẹ̀yìn ni pé kí ó dúró.

Ènìyàn mẹ́ta ni omi náà pa. Wọ́n rí òkú Fulera ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ní ìsàlẹ̀ odò lọ́hùn-ún. Ó fi ọmọ méjì sílẹ̀. Gbogbo àwọn tí ó jáde nígbà tí Babátúnjí fọn fèrè ni ó wà láàyè.

Ayọ̀túndé dé ilé ìwòsàn ní Òmù-Àrán lọ́jọ́ Àìkú, Joy dé lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti kọ́kọ́ yà sí ilé. Ọgbà ti wó níkẹyìn, ibojì bàbá wọn ti là sí méjì. Inú yàrá tí wọ́n ń torí rẹ̀ bínú síra wọn kún fún ẹrẹ̀ dé ojú fèrèsé, ìwé ilẹ̀ àti gbogbo ìwé Tísà ti di ẹ̀kọ.

Nígbà tí àwọn méjèèjì pé, Ayọ̀túndé dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn. "Màmá, ẹ dárí jì mí."

Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ sí i. "Dìde," ni ó wí. "Èmi náà ní ẹ̀bi tèmi. Wọ́n ní kí n gòkè, mo ní kí n kọ́kọ́ gbọ́ ohùn yín ná. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ó lè kúrò lọ́kàn mi. Yàrá òkú ni ẹ ní ẹ tì. Èmi ni ẹ tì mọ́lé."

Joy kọjú sí ògiri, ó ń sunkún. Nígbà tí ó pẹ́, ó bi Babátúnjí tí ó wá kí ìyá wọn: "Bàbá, kí ló yẹ ká ṣe báyìí?"

"Kò yẹ kó jẹ́ báyìí ni ẹ ó máa bi mí," ni Babátúnjí dáhùn, "ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ẹ má bi mí lọ. Ẹ la ojú àgbàrá bàbá yín padà. Tí ẹ bá fẹ́ tún ọgbà mọ, ẹ dá ihò omi sí i nísàlẹ̀, kó pọ̀, kó sì fẹ̀. Ilẹ̀kùn kan gbọ́dọ̀ wà tó kọjú sí òkè, kí ẹni tó ń gbé inú ilé lè ṣí i láì wá kọ́kọ́rọ́. Irin ojú fèrèsé kan, ó kéré tán, kí ó jẹ́ èyí tó ń ṣí láti inú."

"Ṣé a lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ilé?" ni Joy tún bi í.

"Ẹ má tan iná títí ẹni tó mọ iṣẹ́ mànàmáná yóò fi yẹ gbogbo wáyà wò. Oúnjẹ tí omi náà kàn, ẹ dà á nù, ìbáà jẹ́ àpò gaàrì odindi. Mo mọ̀ pé ó ń dunni, ẹ ṣáà dà á nù. Kànga inú ọgbà yín ńkọ́? Ṣáláńgá gbogbo àdúgbò ni omi gbá kọjá kí ó tó dé inú rẹ̀. Ẹ má mu ún láì sè é kó hó dáadáa, títí àwọn elétò ìlera yóò fi fi oògùn sí i. Kọ́lẹ́rà ló máa ń tẹ̀lé irú èyí. Ẹ má sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú ẹrẹ̀ yẹn, ejò àti ìṣó ló wà níbẹ̀."

"Tí omi náà bá tún dé ńkọ́?"

"Ẹ kò ní dúró dè é. Ẹ má gbìyànjú láti la omi tó ń ṣàn kọjá. Èyí tó dé orúnkún lè gbé àgbàlagbà ṣubú, ó sì ń gbé mọ́tò lọ. Bí omi bá wá ká ènìyàn mọ́lé, kó gun ibi tó ga jù lọ tí ojú ọ̀run wà lórí rẹ̀. Kó má gun inú àjà tí kò ní ọ̀nà àbájáde. Kó pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì ìjọba, kó pe aládùúgbò, kó sì sọ bí omi ti ga tó. Kó má sọ pé kò sí nǹkan."

Ìyá Ayọ̀túndé pa ojú dé nígbà tí ó gbọ́ gbólóhùn yẹn.

Ó lo oṣù méjì nílé ìwòsàn. Ọ̀pá onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni ó fi ń rìn báyìí. Kò gbà láti bá wọn lọ sí Èkó tàbí Àbújá. Ó ní bí òun kò bá ní rí ẹni bá sọ̀rọ̀, kí ó jẹ́ ní ìlú òun. Wọ́n gba yàrá kan fún un lórí òkè, nítòsí ilé Babátúnjí. Láti ojú fèrèsé rẹ̀ ó ń rí òrùlé ilé àtijọ́ náà, kò sì lè sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè é lójoojúmọ́ báyìí. Ó ń gbé fóònù náà, ó ń dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn èyí yóò gbé e sílẹ̀, yóò jókòó. Ìpè kò lè dí gbogbo àlàfo tí ọdún mẹ́ta là sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè jí Fulera dìde.

Àwọn ará ìlú yọ igi àti ọ̀rá kúrò lẹ́nu ihò kọnkéré náà, ìjọba ìbílẹ̀ sì tún ọ̀nà ṣe. Kò pé oṣù kan tí àwọn kan fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í da ìdọ̀tí sódò. Babátúnjí tún ń fọn fèrè lé wọn lórí, wọ́n tún ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má ṣàánú ìdílé yìí kí ẹ sì ṣí ojú ewé mìíràn. Ẹ dìde níbi tí ẹ jókòó sí, kí ẹ ka ilẹ̀kùn ilé yín, kí ẹ sì wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọjú sí àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá ọ̀nà tí omi ń gbà kọjá ládùúgbò yín kí òjò tó dé, bí ẹ bá sì ti kọ́ nǹkan dí i, ẹ wó o. Ẹ mọ ibi gíga tí ẹ ó sá lọ, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè mọ bí ó ti jìnnà tó. Kí oògùn, ìwé pàtàkì àti tọ́ọ̀ṣì wà nínú ọ̀rá kan tí omi kò lè wọ̀. Bí ẹ bá ní òbí tó ń dá gbé, ẹ gba nọ́ńbà aládùúgbò rẹ̀ méjì lónìí, kí ẹ sì sọ fún òbí náà, ní gbangba, pé kò nílò àṣẹ yín kí ó tó sá, àti pé kò sí ohun kan nínú ilé náà tí òbí náà kò lè fọ́ láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là.

Ẹ sọ ọ́ fún un lónìí, nítorí omi kì í dúró de ìpàdé ẹbí.